Kọ̀ǹpútà ilé ń sọ pé fáìlì .dll kan ò sí: ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Kọ̀ǹpútà tá à ń lò nílé, desktop ni, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, òun làwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, òun náà lèmi fi ń kọ ìwé ọjà mi. Ìjelòó iná lọ lójijì nígbà tó ń ṣe update, a ò ní UPS (bátìrì tó máa ń gbé desktop dúró díẹ̀ tíná bá lọ), ló bá kú pátápátá. Nígbà tíná dé tá a tàn án, ó tàn o, ṣùgbọ́n tí n bá ti ṣí sọ́fítíwíà tí mo fi ń ṣe ìṣirò ọjà báyìí, ńṣe ló máa gbé mẹ́sẹ́ẹ̀jì wá pé "The code execution cannot proceed because VCRUNTIME140.dll was not found. Reinstalling the program may fix this problem." Tí mo bá tẹ OK, ó ti pa dé nìyẹn. Gémù àwọn ọmọ náà ń sọ tiẹ̀, MSVCP140.dll lòun ń wá ní tiẹ̀.

Ẹnì kan ládùúgbò ní kí n gbé e wá kóun fọ́màtì ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ọjà mi wà nínú ẹ̀, fọ́tò ìkómọ wà nínú ẹ̀, mi ò fẹ́ kó parẹ́. Mo wá rí sáìtì kan tó ní fáìlì náà wà lọ́wọ́ àwọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí n ṣáà dáńlóòdù ẹ̀ kí n jù ú sínú System32. Ṣé kí n ṣe é? Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni tí ò gbọ́ kọ̀ǹpútà o. Ẹ ṣé.

Kọ́lá_Kódù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ má dáńlóòdù nǹkan kan lórí sáìtì yẹn o, ẹ sì má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ́màtì ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ò tíì dé ibẹ̀ rárá.

Àwọn fáìlì tórúkọ wọn parí sí .dll yẹn, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà jọ máa ń lò ló wà nínú wọn. Ẹ wò ó bí odó inú agbo ilé, kì í ṣe gbogbo yàrá ló ní tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gúnyán á jáde wá lò ó. Ẹni tó kọ sọ́fítíwíà ìṣirò yín gbà pé ẹ máa ti ní àwọn fáìlì yìí nílé, ìdí nìyẹn tóun náà ò fi tún un kọ. VCRUNTIME140.dll àti MSVCP140.dll, inú páákéèjì kan náà ni wọ́n ti jáde, orúkọ páákéèjì ọ̀hún ni Microsoft Visual C++ Redistributable, èyí tí wọ́n ṣe fún 2015 títí dé 2022. Ẹ ò ní máa wá ti 2015 lọ́tọ̀, ti 2017 lọ́tọ̀, ti 2019 lọ́tọ̀ o, ọ̀kan ṣoṣo ló ti kó gbogbo wọn. Páákéèjì yẹn lẹ máa wá, kì í ṣe fáìlì.

Ọ̀dọ̀ Microsoft fúnra wọn lẹ ti máa mú un. Ẹ kọ èyí sókè búráúsà yín bó ṣe wà gẹ́lẹ́:

https://aka.ms/vs/17/release/vc_redist.x64.exe

Tó bá ti wọlé, ẹ tún pààrọ̀ x64 sí x86 nínú àdírẹ́sì yẹn kẹ́ ẹ mú ìkejì. x64 ni ti sọ́fítíwíà 64-bit, x86 ni ti 32-bit, oríṣi méjì tí wọ́n máa ń kọ sọ́fítíwíà ni. Ẹ mú méjèèjì o, kódà tí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ 64-bit, torí sọ́fítíwíà tó bá jẹ́ 32-bit ò lè lo ti 64-bit láé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tó 30MB, kò ní jẹ dátà yín. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tó sọ pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ Repair, á tún gbogbo fáìlì inú ẹ̀ kó síbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rísítáàtì.

Gémà_Ṣàgámù

Èmi ò rí nǹkan burúkú nínú sáìtì yẹn o. Gémù àtijọ́ kan tí mo ní ń wá d3dx9_43.dll, mo dáńlóòdù ẹ̀ lórí irú sáìtì bẹ́ẹ̀, mo jù ú sínú fóldà gémù náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì.

Kọ́lá_Kódù

Bọ̀dá Gémà, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa, torí Ìyá Ìbejì ní ìwé ọjà lórí ẹ̀rọ yẹn, kì í ṣe gémù nìkan.

Àkọ́kọ́, ẹ ò mọ ẹni tó gbé fáìlì yẹn síbẹ̀. Fáìlì .dll kì í ṣe fọ́tò tàbí orin, kóòdù ni, ohunkóhun tẹ́ni tó kọ ọ́ bá ní kó ṣe ló máa ṣe, inú sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ fọkàn tán gan-an ló sì ti máa ṣe é. Èkejì, ẹ̀dà tó wà lórí sáìtì yẹn lè ti pẹ́ ju èyí tí sọ́fítíwíà yín ń fẹ́, nígbà náà á kàn bọ́ sórí error mìíràn ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èyí ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù, orúkọ fóldà méjì tó wà nínú Windows ń ṣi èèyàn lọ́nà. Lórí Windows tó jẹ́ 64-bit, System32 ni fáìlì 64-bit ń gbé, SysWOW64 sì ni ti 32-bit ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá ju fáìlì 32-bit sínú System32 á tún rí "The application was unable to start correctly (0xc000007b)", bẹ́ẹ̀ ohun tó ń wá tẹ́lẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ láìyanjú.

Ti d3dx9_43.dll yẹn náà, ó ní ilé. Inú DirectX End-User Runtimes ti June 2010 ló wà (DirectX ni àkójọ fáìlì Microsoft tí gémù fi ń gbé àwòrán àti ohùn jáde), ó ṣì wà lọ́dọ̀ Microsoft, ó ń lọ bíi 96MB. DirectX 12 tó bá Windows 10 àti 11 wá ò ní àwọn fáìlì d3dx9 àtijọ́ yẹn nínú, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tuntun gan-an fi máa ń wá wọn. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, á ní kẹ́ ẹ yan fóldà tóun máa tú ẹrù sí, ẹ ṣe fóldà òfìfo kan fún un, kẹ́ ẹ wá wọ inú ẹ̀ kẹ́ ẹ ṣí DXSETUP.exe. Ọ̀pọ̀ máa ń dúró síbi ìtúrù yẹn, wọ́n á rò pé ó ti parí. xinput1_3.dll náà, ibẹ̀ náà ló wà.

Sàláwà_Tẹ̀

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún ti Bọ̀dá Kọ́lá. Tí fáìlì .dll kan bá ti wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ ò sì mọ̀ bóyá ojúlówó ni, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máùsì lórí ẹ̀, ẹ lọ sí Properties, ẹ wo Digital Signatures. Èyí tó wá láti inú páákéèjì yẹn, Microsoft Corporation ló máa wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lára àwọn fáìlì Visual C++ ni, tí kò sì sí Digital Signatures rárá, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ sì ṣe scan.

Ẹ jẹ́ n tún kó àwọn ìyókù síbí torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí lọ́jọ́ iwájú. Tó bá jẹ́ MSVCR100.dll ló ń wá, Visual C++ 2010 nìyẹn. MSVCR110 jẹ́ 2012, MSVCR120 jẹ́ 2013, MSVCR90 jẹ́ 2008. Àwọn tó ti pẹ́ yìí ò sí nínú ti 2015 sí 2022, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní páákéèjì tiẹ̀, wọ́n sì lè jọ gbé lórí kọ̀ǹpútà kan náà láìbára wọn jà, ẹ má yọ èyí tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ torí pé ó pọ̀ lójú yín. Ẹni tó bá sì ṣì wà lórí Windows 7, tó ń rí api-ms-win-crt-runtime-l1-1-0.dll, update KB2999226 lẹ ń wá.

Ẹ̀gbọ́n_Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dáa ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé nǹkan tí Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ sọ, iná lọ nígbà tó ń ṣe update. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, kò dájú pé fáìlì méjì yẹn nìkan ló bà jẹ́, Windows gan-an lè ti ní fáìlì tó kọ dé ìdajì tí kò parí, kò kàn tíì dé ibi tó ti máa lò ó ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ ara Windows wò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe ohun tí wọ́n wí.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, tí Command Prompt bá jáde ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ yan Run as administrator, tẹ́ ẹ bá kàn ṣí i lásán kò ní gbà. Ẹ kọ:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

kẹ́ ẹ tẹ Enter. Tó bá parí, ẹ kọ:

sfc /scannow

Bó ṣe tò lẹ́yìn ara wọn ṣe pàtàkì, torí ibi ìpamọ́ tí Windows kó ẹ̀dà fáìlì ẹ̀ sí, orúkọ ẹ̀ ni WinSxS, ibẹ̀ ni sfc ti ń mú fáìlì tó dáa wá fi rọ́pò èyí tó bà jẹ́, tí ibi ìpamọ́ yẹn náà bá ti bà jẹ́, kí ni sfc fẹ́ mú? DISM ló ń tún ibi ìpamọ́ yẹn ṣe, láti ọ̀dọ̀ Windows Update ló sì ti ń mú èyí tó kù wá, ẹ rí i pé dátà wà. Á dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́ nígbà míì, ẹ máa wò ó, ẹ má pa á. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé iná ò dúró, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ tàbí kẹ́ ẹ lo inverter, torí kí iná tún lọ láàárín ẹ̀ ló máa sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá.

Nígbà tí sfc bá parí, ọ̀kan nínú mẹ́ta ló sábà máa ń sọ. Tó bá ní òun ò rí "integrity violations", ara Windows dá nìyẹn, ẹ pa dà sórí páákéèjì. Tó bá ní òun rí èyí tó bà jẹ́ òun sì ti tún un ṣe, ẹ rísítáàtì kẹ́ ẹ tún sfc ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i títí á fi ní kò sí nǹkan kan mọ́. Tó bá ní òun rí i ṣùgbọ́n òun ò lè tún òmíràn ṣe, ẹ kọ èyí kẹ́ ẹ lè rí orúkọ fáìlì náà:

findstr /c:"[SR]" %windir%\Logs\CBS\CBS.log >"%userprofile%\Desktop\sfcdetails.txt"

Ìwé kan máa jáde sórí Desktop yín, ẹ gbé orúkọ fáìlì tó wà níbẹ̀ wá síbí, a ó jọ wò ó.

Ẹ fi sọ́kàn o, fáìlì tó jẹ́ ti Windows fúnra ẹ̀ ni sfc ń tọ́jú. Fáìlì tó bá jẹ́ ti sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbé wá látìta, kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí lálẹ́, x64 nìkan ló tíì wọlé, mo fi í sí i. Gémù àwọn ọmọ ti ṣí, inú wọn ń dùn. Ti ìṣirò ọjà ò tíì ṣí o, ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń sọ, VCRUNTIME140.dll. Ṣé ó ní ohun tó fà á?

Kọ́lá_Kódù

Ó ní ohun tó fà á, kò sì le. Ó jọ pé sọ́fítíwíà ìṣirò yín jẹ́ 32-bit, ọ̀pọ̀ irú wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí àmì tẹ́ ẹ fi ń ṣí sọ́fítíwíà náà, ẹ yan "Open file location" tàbí kẹ́ ẹ kàn wo C:, tẹ́ ẹ bá bá sọ́fítíwíà náà nínú Program Files (x86), 32-bit ni. Tí x86 bá ti wọlé á yanjú.

Múfú_Mòdẹ́ẹ̀mù

Ẹ bi ànìtífáírọ́ọ̀sì yín náà léèrè kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan míì. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé fáìlì ò sọnù, wọ́n tì í mọ́lé ni. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ wo Protection history. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ fáìlì yẹn níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọnu, ẹ ti mọ ibi tó lọ. Tó bá jẹ́ sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ni í, ẹ lè tẹ Restore. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, tẹ́nì kan fi fláàṣì gbé wá, ẹ má dá a pa dà o, ìdí tí wọ́n fi tì í mọ́lé wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ́ sọ́fítíwíà, fáìlì .dll gan-an ni wọ́n máa ń pààrọ̀ sí tiwọn.

Láńre_Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ fáìlì lẹ ń sọ, ẹ bá mi wo tèmi náà. Mo ra láptọ́ọ̀pù kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì tẹ́lẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi l'Abẹ́òkúta. Gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́ àyàfi sọ́fítíwíà tó fẹ́ fi máa gé fídíò, ó ń sọ pé MFPlat.dll was not found. A ti ṣe sfc, ó ní kò sí ohun tó bà jẹ́.

Sàláwà_Tẹ̀

Bọ̀dá Láńre, ẹ ní kó ṣí Settings, kó wọ System, kó wọ About, kó ka ohun tó wà níwájú Edition fún yín. Tó bá rí lẹ́tà N lẹ́yìn ẹ̀, bíi "Windows 10 Pro N", ọ̀rọ̀ parí. sfc ò rí nǹkan kan torí nǹkan kan ò sọnù, wọn ò fi í síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Lọ́dún 2004, àjọ European Commission dá Microsoft lẹ́jọ́ pé bí wọ́n ṣe ń so Media Player mọ́ Windows ò jẹ́ káwọn tó ń ta irú ẹ̀ rí ọjà tà, wọ́n ní kí wọ́n san owó ìtanràn 497 mílíọ̀nù yúrò, kí wọ́n sì máa ta ẹ̀dà kan tí Media Player ò sí nínú ẹ̀. Ẹ̀dà N nìyẹn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè bá a lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti apá Yúróòpù wá, ẹni tó rà á nílé ò sì ní mọ̀. MFPlat.dll, mf.dll, gbogbo àwọn tó jẹ mọ́ fídíò ni wọ́n jọ yọ.

Kó wọ Settings, Apps, Optional features, Add a feature, kó wá Media Feature Pack nínú ẹ̀ kó fi í sí i, kó sì rísítáàtì dandan. Lórí Windows 11, View features ló máa rí níbi tí Add a feature wà. Ọ̀fẹ́ ni. Kó má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀.

Láńre_Peckham

Ah! Pro N ni lóòótọ́. Mo ti sọ fún un. Ẹ ṣé gan-an àǹtí mi.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkòròdú

Tèmi ò dí nǹkan kan lọ́wọ́ o, ó kàn ń bí mi nínú ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá tan láptọ́ọ̀pù, àpótí kékeré kan á yọ, RunDLL ni wọ́n kọ sórí ẹ̀, "There was a problem starting" wá tún ń ka orúkọ fáìlì gígùn kan tó wà nínú AppData, "The specified module could not be found." Níbo ni mo ti máa rí fáìlì yẹn mú pa dà?

Múfú_Mòdẹ́ẹ̀mù

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ má mú un pa dà! Tiyín yàtọ̀ sí ti Ìyá Ìbejì. Sọ́fítíwíà tó níṣẹ́ gidi kì í sábà kó .dll ẹ̀ sínú AppData (fóldà tí sọ́fítíwíà ń kó dátà ẹni sí) kó wá máa fi RunDLL, ohun tí Windows fi ń ṣí fáìlì .dll, tàn án ní gbogbo òwúrọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan burúkú kan ló ti wà níbẹ̀, ànìtífáírọ́ọ̀sì pa á, ṣùgbọ́n ìwé tó ń pè é ní gbogbo ìgbà tí Windows bá jí ṣì wà. Ìwé ìpè yẹn lẹ máa ya.

Ẹ mú Autoruns láti ọ̀dọ̀ Sysinternals, Microsoft ló ni ín, ẹ ò ní ínsítọ́ọ̀lù ẹ̀ rárá, ẹ kàn máa ṣí i pẹ̀lú Run as administrator. Gbogbo ohun tó ń jí pẹ̀lú Windows máa tò síbẹ̀, èyí tí fáìlì ẹ̀ ò sí mọ́ á ní àwọ̀ yẹ́lò pẹ̀lú "File not found". Ẹ wá èyí tórúkọ ẹ̀ bá ti inú àpótí yẹn mu, ẹ kọ́kọ́ yọ máàkì iwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ rísítáàtì, tó bá dákẹ́ kẹ́ ẹ tó wá delete. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀ o. Inú Task Scheduler, ibi tí Windows ń to iṣẹ́ tó máa ṣe fúnra ẹ̀ sí, ló sábà máa ń sá sí. Lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ ṣe full scan, torí ẹni tó gbé àkọ́kọ́ wá lè ti gbé ìkejì wá.

Ẹ̀gbọ́n_Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ ká fò. Tẹ́ ẹ bá tún fáìlì kan ṣe lónìí, tí òmíràn sọnù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí òmíràn tún sọnù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dẹ́kun àtúnṣe fáìlì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hard disk ló ń kú lọ. Ẹ máa rí i pé kọ̀ǹpútà á máa fà, ẹ lè máa gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ nínú ẹ̀, fáìlì kékeré á máa pẹ́ kó tó ṣí.

Ẹ mú CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni, á sọ ìlera dísìkì náà fún yín. Tó bá kọ Caution tàbí Bad, tàbí tẹ́ ẹ rí nọ́mbà tí kì í ṣe òdo níwájú Current Pending Sector Count (iye ibi tí dísìkì ò rí kà dáadáa mọ́), ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ kó ẹrù yín jáde. Ọ̀pọ̀ ló máa kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ ṣe chkdsk C: /f /r, àṣẹ tó ń yẹ dísìkì wò tó sì ń tún un ṣe, ó dáa lórí dísìkì tó ṣì lágbára tí iná kàn dà á rú, ṣùgbọ́n /r yẹn máa ka gbogbo ojú dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni, dísìkì tó ti ń kú lè kú sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó nǹkan kan. Mo ti rí i kí ẹni tó ní fọ́tò ìgbéyàwó lórí irú dísìkì bẹ́ẹ̀ pàdánù ẹ̀ báyìí, nígbà tó jẹ́ pé fáìlì yẹn ṣì ń ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ kó ẹrù jáde ná. Ẹ jọ̀ọ́.

Ẹni tó bá ń lo desktop, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ra UPS. Kì í ṣe kẹ́ ẹ lè fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí, kẹ́ ẹ lè ráyè pa á ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé ni.

Ọmọ_Ifẹ̀_2

Ẹ jọ̀ọ́ tèmi ò tiẹ̀ dé inú Windows. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, "BOOTMGR is missing. Press Ctrl+Alt+Del to restart." Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?

Kọ́lá_Kódù

BOOTMGR ni fáìlì tó ń jí Windows. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo fláàṣì, mẹ́mọ́rì káàdì àti hard disk tẹ́ ẹ so mọ́ ọn látìta, kẹ́ ẹ tún un tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, fláàṣì tí ò ní Windows nínú ni kọ̀ǹpútà ń gbìyànjú láti fi tàn. Tí kò bá yanjú, ẹ wọ BIOS (ibi ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣí kí Windows tó dé) kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó tiẹ̀ rí hard disk, torí wáyà ẹ̀ lè ti tú.

Tó bá rí i, ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ẹ mú Media Creation Tool lọ́dọ̀ Microsoft, ẹ wá fláàṣì 8GB tí kò ní nǹkan pàtàkì nínú torí á nù ún mọ́. Ẹ fi tan kọ̀ǹpútà yín. Nígbà tó bá dé ibi tó kọ Install now, ẹ MÁ TẸ̀ Ẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ tẹ Repair your computer, kẹ́ ẹ wá yan Troubleshoot, kẹ́ ẹ yan Startup Repair. Fáìlì yín wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Startup Repair lè má ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un ṣe. Tó bá kọ̀ pátápátá, ẹ ṣí Command Prompt níbẹ̀ kẹ́ ẹ kọ bootrec /rebuildbcd, tó bá rí Windows yín á bi yín bóyá kóun fi kún ìwé, ẹ tẹ Y.

Gémà_Ṣàgámù

Mo ti ka àlàyé Bọ̀dá Kọ́lá. Mo yọ d3dx9 yẹn kúrò, mo fi ti June 2010 rọ́pò ẹ̀, gémù ń lọ. Ìbéèrè mi ni pé: ọ̀rẹ́ mi ṣe DISM yẹn, ó ń sọ error 0x800f081f, pé òun ò rí source files. Ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á ló bá a fi Windows sí i, wọ́n ní "lite" ni, pé ó yára.

Ẹ̀gbọ́n_Atúnkọ̀ǹpútàṣe

"Lite" yẹn gan-an ni. Ẹni tó ṣe é ti gé ọ̀pọ̀ fáìlì kúrò nínú Windows kó lè fúyẹ́, ó sì lè ti dí Windows Update pa, DISM ò wá ní ibi tó ti máa mú nǹkan kan. Inú mi kì í dùn sí i tí mo bá rí i kí wọ́n ta irú ẹ̀ fún ẹni tí ò mọ̀, torí ó máa yára lóòótọ́ níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó bá nílò ohun tí wọ́n gé ni ìyà bẹ̀rẹ̀.

Kó wá ISO Windows (fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo Windows sínú) tó jẹ́ ojúlówó lọ́dọ̀ Microsoft, tó bá èdè àti ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ ẹ̀ mu. Kó má fi tan kọ̀ǹpútà o, kó wà nínú Windows kó tẹ ISO náà lẹ́ẹ̀mejì, kó ṣí setup.exe, nígbà tó bá bi í ní ohun tó fẹ́ fi pa mọ́, kó yan "Keep personal files and apps". Windows tuntun máa bọ́ sórí ti tẹ́lẹ̀, ìwé àti sọ́fítíwíà ẹ̀ á wà níbẹ̀. Kó kó ẹrù ẹ̀ sí hard disk ìta ná kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì ní bíi 20GB lófìfo. Tí Keep personal files and apps ò bá ṣeé tẹ̀, kó dúró, kó má tẹ̀ síwájú, èdè tàbí ẹ̀dà ni kò bára mu.

Ẹ sì jẹ́ n fi kún un, October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Kì í ṣe ohun tó ń fa error yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá báyìí lórí ẹ̀rọ ẹ̀, kó wò ó bóyá ẹ̀rọ náà gba Windows 11. TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò inú kọ̀ǹpútà) àti RAM 4GB wà lára ohun tó ń bèèrè.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Ẹ̀yin ará, x86 wọlé láàárọ̀ yìí, sọ́fítíwíà ìṣirò ti ṣí! Gbogbo àkọsílẹ̀ ọjà mi pé síbẹ̀. Mo ṣe DISM nígbà tá a tan jẹnẹrétọ̀, mo ṣe sfc, ó ní òun rí èyí tó bà jẹ́ òun ti tún un ṣe, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kò sí nǹkan kan mọ́. Mo ti kó fọ́tò sórí hard disk ìta. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ kú làálàá.

Gémà_Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi ti ní ISO náà tẹ́lẹ̀. Ó ní dátà òun kò tó, ṣé kò lè fi tún DISM ṣe kóun má tíì gbé gbogbo Windows?

Ẹ̀gbọ́n_Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Tó bá jẹ́ ISO ẹ̀dà tó bá ti ẹ̀ mu, ó lè gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n lórí "lite" mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Kó tẹ ISO lẹ́ẹ̀mejì, kó wo lẹ́tà tó gbà, ká ní D: ni. Kó wọ fóldà sources, kó wò ó bóyá install.wim ló wà níbẹ̀ àbí install.esd, fáìlì tí Windows fúnra ẹ̀ wà nínú ni, torí èyí tí Media Creation Tool ṣe, .esd ló sábà máa ń jẹ́, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Kó kọ́kọ́ kọ:

DISM /Get-WimInfo /WimFile:D:\sources\install.esd

Á to gbogbo ẹ̀dà inú ẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà, Home, Pro, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kó mú nọ́mbà èyí tó wà lórí ẹ̀rọ ẹ̀. Ká ní 6 ni:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth /Source:esd:D:\sources\install.esd:6 /LimitAccess

Tó bá jẹ́ install.wim ló bá níbẹ̀, kó pààrọ̀ esd méjèèjì sí wim. LimitAccess yẹn ló ń sọ fún un pé kó má lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà ẹ̀ á wà bó ṣe wà. Tó bá parí, sfc /scannow ló kàn.